Ta Ló Ni Bodè?

Ìgò oyin kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Ní ọdún 2011 ni. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ti lóyún àkọ́bí rẹ̀, wọ́n sì ti bá mi gba fìísà sílẹ̀, pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti pè ni kí bàbá àgbà gbéra kó wá sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin òǹkàwé mi mọ̀ pé a kì í fọwọ́ lásán sọmọ lórúkọ. Obì ń bẹ, orógbó ń bẹ, ataare ń bẹ, iyọ̀ ń bẹ, oyin ń bẹ. Oyin tèmi yìí kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà lójú títì, tí wọ́n ti fi ṣúgà là. Oko wa ní Àgọ́-Àrẹ ló ti wá. Àbúrò mi tó ń dáko níbẹ̀ ló lọ gé afárá rẹ̀, ló fún un, ló sẹ́ ẹ, ló rọ ọ́ sínú ìgò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà tọ́ ilé wò ná, kó tó mọ ọ̀nà ilé."

Mi ò jẹ́ fi irú ìgò bẹ́ẹ̀ sínú àpótí ńlá, kó má baà fọ́ sínú èlùbọ́. Báàgì ọwọ́ ni mo fi sí. Bí mo ṣe gbé e dé pápá ọkọ̀ òfuurufú kan nìyẹn, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà, mo bọ́ ọ. Wọ́n ní kí n tú bẹ́líìtì, mo tú u, mo wá fọwọ́ kan di ṣòkòtò mú. Wọ́n ní kí n ṣí fìlà, èmi tí mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún ṣí fìlà níwájú ọmọ tí kò tó àbígbẹ̀yìn mi. Nígbà tó kan ìgò oyin, ọmọkùnrin náà gbé e sókè, ó wò ó títí, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, èyí ò lè lọ. Ó ti pọ̀ jù."

Mo ní, "Ọmọ mi, oyin ni. Ti ìsọmọlórúkọ ni."

Ó ní, "Mo mọ̀, Bàbá. Òfin ni."

Mo ní, "Òfin ta ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ò mọ̀, pé bí wọ́n ṣe ní kí àwọn máa ṣe é nìyẹn. Ló bá sọ ìgò náà sínú garawa ńlá kan tí omi olómi àti ìpara onípara ti kún inú rẹ̀. Kò ṣàfojúdi sí mi o. Kódà, òun ló bá mi gbé fìlà mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yẹn ti ń yí nínú mi. Òfin ta ni? Ta ló ni bodè yìí, ta sì ni oníbodè ń ṣiṣẹ́ fún?

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì ní àsìkò láti kàwé. Ohun tí mo kà ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Oníbodè àti Ìlàrí

Láyé àwọn baba wa, ìlú tó bá tóbi a máa ní odi, odi a sì máa ní bodè. Oníbodè ló ń jókòó síbẹ̀. Òun ló ń wo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde, òun ló sì ń gba owó ẹyọ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó ru ẹrù kọjá. Àwọn òyìnbó tó gba ilẹ̀ wa kọjá lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, Clapperton ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1826, Lander àti àbúrò rẹ̀ ní 1830, gbogbo wọn ló bá àwọn agbowó-bodè wọ̀nyí pàdé lójú ọ̀nà.

Ẹ má rò pé oníbodè kì í rẹ́ni jẹ o. A máa rẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n ará ìlú mọ ilé rẹ̀. Wọ́n mọ ìjòyè tó fi í síbẹ̀. Bí ó bá ṣe àṣejù, wọn á lọ bá ìjòyè náà ní ilé rẹ̀. Bí ìjòyè ò bá sì gbọ́, àwọn oníṣòwò á kàn yà gba ìlú kejì lọ ni, owó bodè á gbẹ. Nítorí náà, oníbodè mọ̀wọ̀n ara rẹ̀.

Ẹnìkan tún wà tí kì í ṣe oníbodè. Ìlàrí ni. Nígbà tí Ọ̀yọ́ le, Aláàfin a máa fi ìlàrí ṣọwọ́ sí àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀ kí wọ́n máa ṣojú fún un. Ìlàrí kò mọ ará ìlú, ará ìlú kò sì lè pè é lẹ́jọ́. Ẹni tó rán an níṣẹ́ nìkan ló mọ̀. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ohun tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń mú. Ìgbà tó wá sú àwọn Ẹ̀gbá, ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, Lísàbí kó àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ bí ẹni ń ṣe àáró, ni wọ́n bá dìde sí àwọn ìlàrí, wọ́n pa wọ́n, wọ́n sì bọ́ àjàgà Ọ̀yọ́ kúrò lọ́rùn.

Oníbodè ni àbí ìlàrí ni ọmọkùnrin tó gba oyin lọ́wọ́ mi? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Àwọn tó ní kí ìjọba kúrò lẹ́nu ọ̀nà

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní libertarian. Èrò wọn kò ṣòroó yé. Wọ́n ní olúkúlùkù ló ni ara rẹ̀, òun ló sì ni ẹrù rẹ̀. Ìjọba kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú méjèèjì, àfi tí ẹni náà bá fẹ́ ṣe ẹlòmíràn níbi. Wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ní 1971. Ọ̀kan nínú àwọn tí ayé mọ̀ jù nínú wọn ni Ron Paul, dókítà agbẹ̀bí tó ṣojú àwọn ènìyàn rẹ̀ láti ìpínlẹ̀ Texas nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó du ipò ààrẹ lábẹ́ ẹgbẹ́ náà ní 1988, ó sì tún gbìyànjú lábẹ́ ẹgbẹ́ Republican fún ìbò 2008 àti 2012. Kò wọlé rí, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì ni irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí so pọ̀. Èkíní, ẹni tó ni bàálù ni kó ṣọ́ bàálù rẹ̀, kí ìjọba yé tú ìdí ènìyàn wò. Èkejì, kí ìjọba yé dá sí ìjà onìjà lókè òkun. Wọ́n ní ìkejì ló bí ìkíní: ẹni tó bá ń ju òkò sí agboolé gbogbo, dandan ni kó máa ti ilẹ̀kùn ara rẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ilé.

Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn ẹnu ọ̀nà náà. Láyé ìgbà kan, ẹni tó bá ti ní tíkẹ́ẹ̀tì ló ń rìn wọ bàálù bí ẹni wọ lọ́rí ní gáréèjì. Nígbà tí àwọn tó ń fi ìbọn já bàálù gbà wá pọ̀ jù, Amẹ́ríkà pàṣẹ ní oṣù kìíní ọdún 1973 pé kí wọ́n máa yẹ gbogbo èrò ọkọ̀ wò. Síbẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù ló ń wá àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, àwọn ló sì ń sanwó fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí di ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án, 2001, tí ọkùnrin mọ́kàndínlógún já bàálù mẹ́rin gbà lọ́jọ́ kan náà, tí ènìyàn tó tó 3,000 sì kú. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni ìjọba gba iṣẹ́ náà, tí wọ́n dá àjọ TSA sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí ẹni ibi bá ti dá ọgbọ́n kan, àwa tí a ò ṣẹ̀ ni ìyà rẹ̀ ń jẹ. Ní oṣù kejìlá 2001, ará Bìrìtìkó kan tó ń jẹ́ Richard Reid fi ohun abúgbàù sínú bàtà wọ bàálù. Bàtà di ẹ̀ṣẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2006, àwọn ọlọ́pàá Bìrìtìkó mú àwọn kan tó fẹ́ rọ ohun abúgbàù olómi sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Omi di ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n ní ohun olómi kan kò gbọdọ̀ ju mílílítà 100 lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ yẹn ló bá oyin mi. Ọdún 2006 yẹn náà ni Amẹ́ríkà sọ bíbọ́ bàtà di dandan fún gbogbo èrò ọkọ̀, oṣù keje ọdún 2025 ni wọ́n sì tó jáwọ́ nínú rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí àṣẹ náà jáde ti tó jáde ilé-ìwé gíga kí wọ́n tó gbé bàtà fún un padà.

Ní oṣù kọkànlá 2010, Ron Paul gbé àbá òfin kan wá síwájú ilé. Kò gùn. Ohun tó ń fẹ́ ni pé bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ṣe ohun kan sí ara èrò ọkọ̀ tó jẹ́ pé bí èmi tàbí ìwọ bá ṣe é, ẹjọ́ ni, kí aṣọ ìjọba tó wọ̀ má lè gbà á lọ́wọ́ ẹjọ́ náà. Àbá náà kò di òfin. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á, inú mi dùn bí ẹni pé wọ́n fún mi ní oyin mi padà. Ohun tí ọkùnrin yìí ń sọ ni pé kí ìlàrí padà di oníbodè, kó di ẹni tí a lè pè lẹ́jọ́.

Kì í sì í ṣe àlá lásán. Ní pápá ọkọ̀ òfuurufú San Francisco, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ń yẹ èrò ọkọ̀ wò láti ìgbà náà, lábẹ́ òfin tí ìjọba là sílẹ̀. Bí wọn ò bá ṣe é re, a lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn gbé fún ẹlòmíràn. Ta ló lè gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba?

Baba tó kìlọ̀

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò máa sọ báyìí: "Tíṣà, ṣé ẹ ti gbàgbé ọmọ wa tó fẹ́ fọ́ bàálù?" Rárá o, mi ò gbàgbé. Èkó ni Umar Farouk Abdulmutallab ti gbéra ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kejìlá, 2009. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Ó dé Amsterdam, ó wọ bàálù mìíràn tó ń lọ sí Detroit ní Amẹ́ríkà. Inú aṣọ abẹ́ rẹ̀ ni ohun abúgbàù náà wà. Ọjọ́ Kérésìmesì ni, bàálù ń sọ̀ kalẹ̀, èrò tó lé ní 250 wà nínú rẹ̀, ló bá ṣáná sí i. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, iná ràn ṣùgbọ́n kò bú. Ta ló mú un? Kì í ṣe ẹ̀rọ, kì í ṣe ọlọ́pàá. Àwọn èrò ọkọ̀ bíi tirẹ̀ ló fò mọ́ ọn, tí wọ́n so ọwọ́ rẹ̀, tí wọ́n paná.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn náà nìyí. Ní oṣù kọkànlá, ó ku oṣù kan ó lé díẹ̀ kí èyí tó ṣẹlẹ̀, baba ọmọ náà, àgbà òṣìṣẹ́ báǹkì tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Àbújá. Ó ní ọmọ òun ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn alákatakítí, pé ó ti wà ní Yemen, kí wọ́n ṣọ́ra. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tó wúwo tó báyìí! Baba tó bímọ, tó fi ọmọ rẹ̀ sun àjèjì kí ọmọ ẹlòmíràn má baà kú. Wọ́n kọ orúkọ sínú ìwé, wọ́n fi sínú fáìlì. Wọn ò gba fìísà lọ́wọ́ ọmọ náà. Àwọn baba wa ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló gbọ́ ti ogun yìí, tí kò sá.

Kí ni wọ́n wá ṣe lẹ́yìn rẹ̀? Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní, 2010, Amẹ́ríkà kọ orúkọ orílẹ̀-èdè mẹ́rìnlá sílẹ̀ pé ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá ni kí wọ́n máa tú yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ìjọba wa figbe ta, ní oṣù kẹrin sì ni wọ́n pa ìlànà yẹn dà. Ẹ wò ó, ẹnìkan ṣoṣo nínú wa ló ṣe ibi, ẹnìkan ṣoṣo nínú wa ló sì kìlọ̀. Wọ́n pa ẹni tó kìlọ̀ tì, wọ́n fi ẹni tó ṣe ibi pe gbogbo wa.

Nígbà tí ọmọkùnrin náà gbà ní kóòtù ní oṣù kẹwàá 2011 pé òun jẹ̀bi, ó ní ẹ̀san ni òun ń gbà nítorí àwọn Mùsùlùmí tí Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pa ní àwọn ilẹ̀ bíi Afghanistan, Iraq àti Yemen. Wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére ní 2012, ó sì tọ́ sí i. Ẹni tó fẹ́ pa aláìṣẹ̀ kò ní àwáwí lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n bí olè bá sọ ojú ihò tí òun gbà wọlé, ṣé a ò ní lọ dí i nítorí pé olè ló sọ ọ́?

Àpótí ní Stansted

Mo fẹ́ ṣòótọ́ fún yín. Nígbà tí mo kà dé ibí, díẹ̀ ló kù kí n sọ pé gbogbo oníbodè ni kí wọ́n lé lọ. Ìtàn kan ló dá mi dúró, ìtàn àwa fúnra wa sì ni.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, 1983, àwọn sójà gbàjọba lọ́wọ́ Alhaji Shehu Shagari. Umaru Dikko, tó ti jẹ́ mínísítà ètò ìrìnnà, sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje, 1984, àwọn kan gbá a mú níwájú ilé rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ oorun, wọ́n dì í sínú àpótí pákó, wọ́n gbé e lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú Stansted, níbi tí bàálù Nàìjíríà ti ń dúró. Ẹrù aṣojú ìjọba ni wọ́n pè é. Akọ̀wé Dikko ló ti rí i lójú fèrèsé bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀gá rẹ̀ lọ, ló bá ké sí ọlọ́pàá. Ìkìlọ̀ náà dé Stansted. Ọmọkùnrin kọ́sítọ́ọ̀mù kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wo àpótí náà, ó rí i pé ìwé tó yẹ kó bá ẹrù aṣojú ìjọba wá kò sí níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣí i. Dikko ló wà nínú rẹ̀, kò mọ ibi tó wà, dókítà kan sì jókòó tì í. Àwọn méjì mìíràn wà nínú àpótí kejì. Ọmọ Israel mẹ́ta àti ọmọ Nàìjíríà kan ló ṣẹ̀wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ náà, Nàìjíríà àti Bìrìtìkó sì bá ara wọn yan odì fún ìgbà pípẹ́.

Ohun yòówù kí ènìyàn rò nípa Dikko nígbà náà, a kì í di ọmọ ènìyàn sínú àpótí bí iṣu. Oníbodè ló gbà á. Bí kò bá sí ẹni tó ń yẹ ẹrù wò lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ ìbá ti mọ́ bá Dikko ní Èkó.

Kí ló wá yàtọ̀ láàrin Stansted àti Detroit? Ẹnìkan rí nǹkan, ó sọ ọ́, oníbodè Stansted sì fetí sí i. Ẹnìkan rí nǹkan, ó sọ ọ́, wọ́n sì fi sínú fáìlì ní ti Detroit. Kì í ṣe bíbọ́ bàtà ló ń ṣọ́ ìlú, ẹ̀yin ènìyàn mi. Etí ni. Etí kì í sì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ará ìlú tí kò bá ka ará ìlú sí.

Ogun Ẹlẹ́duwẹ̀

Ó ku ọ̀rọ̀ kejì, pé kí a má dá sí ìjà onìjà. Èyí kì í ṣe ìtàn òyìnbó fún àwa ará Òkè-Ògùn rárá. Orúkọ ìlú wa gan-an ń sọ nǹkan. Kí ni àgọ́, bí kì í bá ṣe ibi tí ẹni tó wà lórí ìrìn ti fìdí kalẹ̀?

Ẹni-ọ̀wọ̀ Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Àfọ̀njá, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, bá Aláàfin jà, ó sì ń wá alátìlẹ́yìn. Ní nǹkan bí 1817, ó pe Àlímì, aáfà Fúlàní, wá sí Ìlọrin. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn èyí, àwọn jàmáà tí Àfọ̀njá fúnra rẹ̀ kó jọ ló yí i po tí wọ́n pa á. Ìlọrin bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, ó sì di ẹ̀gún lọ́rùn rẹ̀.

Nígbà tó di ayé Aláàfin Olúewu, Ìlọrin ń fẹ́ kí Aláàfin máa wá forí balẹ̀ fún wọn. Olúewu kọ̀. Òun náà wá ta ni? Ó ránṣẹ́ sí àwọn Ìbàrìbá, aládùúgbò wa lápá àríwá, àwọn tí Ṣakí àti Kíṣí mọ̀ dáadáa. Ọba wọn, Ẹlẹ́duwẹ̀, kó ogun jọ, ó wá. Ní nǹkan bí 1835 sí 1836 ni. Wọ́n kọ́kọ́ borí. Inú dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ogun náà kò dọ́gba nínú àwọn balógun Yorùbá. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí Olúewu bá ṣẹ́gun tán, àwọn ló kàn. Nígbà tí ogun dé Ìlọrin, wọn ò jà tọkàntọkàn. Olúewu kú. Ẹlẹ́duwẹ̀ tó wá ranni lọ́wọ́ kú. Ọ̀yọ́-Ilé, ìlú tó ti jọba lórí ilẹ̀ títí dé etí òkun, dahoro. Àwọn ará ibẹ̀ ru ẹrù, àwọn kan wọ àwọn ìlú Òkè-Ògùn, àwọn kan sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù. Àtìbà gbé orúkọ Ọ̀yọ́ lọ sí Àgọ́-Ọjà, ibẹ̀ ni Ọ̀yọ́ wà títí dòní. Igbó ló bo ti àkọ́kọ́, ẹranko ìjọba ló ń gbé inú rẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Àfọ̀njá pe àjèjì, àjèjì pa á. Olúewu pe àjèjì, òun àti àjèjì jọ kú. Ẹlẹ́duwẹ̀ dá sí ìjà aládùúgbò, kò padà délé. Ta ló bi àwọn iyawo àti ọmọ Ìbàrìbá tí ọkọ àti baba wọn bọ́ sínú ogun náà? Ta ló bi àgbẹ̀ Ọ̀yọ́-Ilé tó sùn nílé lálẹ́ ọjọ́ kan, tó sì jí sí àgọ́?

Aládùúgbò wa

Ẹnìkan lè ní ìtàn àtijọ́ nìyẹn. Kò jìn bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ, 2019, ìjọba àpapọ̀ ti gbogbo bodè ilẹ̀ wa nítorí ìrẹsì àti ẹrù fàyàwọ́ mìíràn. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n tún ní kí ẹnikẹ́ni má gbé epo pẹtiróòlù lọ sí ilé-epo tó bá wà láàrin kìlómítà 20 sí bodè. Ẹ bi àwọn tó ń gba ọ̀nà Òkèrètè bí ó ti rí. Ará ibìkan náà ni wá, òyìnbó Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ló fa ìlà sáàrin. Àgbẹ̀ tí kò fàyàwọ́ kankan ń wá epo tí yóò fi gbé iṣu rẹ̀ lọ sọ́jà. Ọjọ́ 16 oṣù kejìlá, 2020 ni wọ́n kéde pé kí wọ́n ṣí mẹ́rin nínú àwọn bodè náà. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nínú mẹ́rin yẹn. Ìlàrí ló ti bodè yẹn, kì í ṣe oníbodè.

Ní ọjọ́ 26 oṣù keje, 2023, àwọn sójà gbàjọba ní Niger. Àjọ ECOWAS fún wọn ní ọjọ́ méje, wọ́n ní bí wọn ò bá dá ààrẹ padà, ogun lè dé. Ààrẹ wa, tó tún jẹ́ alága ECOWAS nígbà náà, kọ̀wé sí Ilé Aṣòfin Àgbà. Àwọn sẹ́nétọ̀ jókòó, wọ́n sọ fún un pé kó wá ọ̀nà àlàáfíà. Ogun kò ṣẹlẹ̀. Bodè tí wọ́n tì àti iná mànàmáná tí Nàìjíríà gé lára Niger nìkan ti tó bínú wọn. Ní oṣù kìíní 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso kúrò nínú ECOWAS pátápátá. Bí a bá ti fi ìbọn lọ ńkọ́?

Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá, 2025, ó tún kan Benin, ilé kejì sí Ṣakí gan-an. Àwọn sójà kan fẹ́ gbàjọba níbẹ̀. Ìjọba Benin ké sí wa, Nàìjíríà sì fi bàálù ogun ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìdìtẹ̀ náà kùnà. Ọjọ́ 9 oṣù náà ni àwọn sẹ́nétọ̀ tó fọwọ́ sí i pé kí àwọn sójà wa lọ.

Àwọn libertarian yóò ní a ò gbọdọ̀ lọ rárá. Èmi ò lè bá wọn dé ibẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Bí Benin bá dàrú, Ṣakí ni wọn yóò sá wọ̀, Àgọ́-Àrẹ yóò sì tún di àgọ́. Ṣùgbọ́n mo bá wọn dé ibì kan. Ní ti Niger, wọ́n bi àwọn aṣojú wa kí wọ́n tó gbéra. Ní ti Benin, wọ́n gbéra tán kí wọ́n tó bi wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí, ó yọrí sí rere. Ogun Ẹlẹ́duwẹ̀ náà kọ́kọ́ yọrí sí rere.

Ibi tí mo gúnlẹ̀ sí nìyí. Bodè dára, ogun sì lè di dandan lọ́jọ́ kan. Ohun tí mo ń béèrè kò ju méjì lọ. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà láti yẹ̀ wá wò, kí ó jẹ́ ẹni tí a lè pè lẹ́jọ́, tí yóò sì fetí sí wa bí a bá kìlọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ kó àwọn ọmọ wa lọ sí ìjà aládùúgbò, kí ó kọ́kọ́ bi wá. Èyí tó bá kọ méjèèjì, ìlàrí ni, ibi yòówù kó ti rà aṣọ rẹ̀.

Oyin ṣọ́ọ̀bù la fi sọmọ náà lórúkọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó bá ìyá rẹ̀ wá sílé, mo mú un lọ sí Àgọ́-Àrẹ. Ẹ̀ẹ̀mélòó kan ni wọ́n dá mọ́tò wa dúró lọ́nà tí àwọn aláṣọ ìjọba ń wo inú búùtù. Ó bi mí pé, "Bàbá àgbà, kí ni wọ́n ń wá?" Mi ò mọ èsì tí mo lè fún un. Nígbà tí a dé oko, àbúrò mi gé afárá kan, ó fi fún un lọ́wọ́. Ọmọ náà lá a títí ó fi kan ìgbọ̀nwọ́.